Ọmọ Kò Dínkù, Owó Ló Dínkù: Àgbéyẹ̀wò Iṣẹ́ Ìtọ́jú Ọmọ ní Mákùn

Obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní Mákùn ní Ṣàgámù, ìpínlẹ̀ Ògùn, tí ọmọ rẹ̀ kò sì tíì pé ọdún mẹ́ta, ọ̀nà mẹ́rin ló wà níwájú rẹ̀ bí ilẹ̀ bá ti mọ́. Ó lè gbé ọmọ fún ìyá rẹ̀ tàbí ìyá ọkọ rẹ̀. Ó lè fi í sílẹ̀ fún ọmọ ọ̀dọ̀ nílé. Ó lè gbé e lọ sí kíréèṣì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹ̀kọ́ jẹ́léósinmi aládàáni. Tàbí kó gbé e fún ìyá kan ládùúgbò tó ń gba ọmọ wò nínú pálọ̀ ara rẹ̀, tó ti tẹ́ ẹní sílẹ̀, tó ti po ẹ̀kọ, tó sì ń retí àwọn olómọ láti aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀. Ìyá yìí àti àwọn oníkíréèṣì kéékèèké ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Láti ọdún 2023 ni ẹní wọn ti ń ṣófo, síbẹ̀ bí a bá ń ka àwọn tí ọ̀wọ́ngógó tó bẹ̀rẹ̀ nígbà náà bá jà, a kì í kà wọ́n mọ́ ọn.

Àlàyé tí èèyàn sábà máa ń ṣe ni pé owó kò sí nílùú, ìdí nìyẹn tí ọjà wọn kò fi tà. Àlàyé náà kò kún tó. Bí nǹkan bá le, ìyá tó ti ń jókòó ti ọmọ tẹ́lẹ̀ a wá nǹkan tà. Èyí tó ń ti ṣọ́ọ̀bù ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ a jókòó di aago mẹ́jọ. Bàbá tó ń ti Ṣàgámù lọ ṣiṣẹ́ ní Èkó, tó sì ń padà lálaalẹ́, a bẹ̀rẹ̀ sí í sùn sọ́hùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀ kí owó ọkọ̀ má baà jẹ owó oṣù rẹ̀ tán. Ọwọ́ tó lè gbé ọmọ nínú ilé ń dínkù, wákàtí tí ọmọ fi nílò ẹni tí yóò wò ó ń gùn sí i. Ohun tó lọ sílẹ̀ ni owó tí wọ́n fi ń san án. Àlàfo tó wà láàárín àìní yẹn àti owó yẹn, ẹnìkan gbọ́dọ̀ gbé e sórí, lójú tèmi, àwọn ìyá olùtọ́jú ọmọ ló gbé e. Kò sí ẹni tó bẹ̀ wọ́n, kò sì sí ẹni tó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Báwo la ṣe dé ibi tí ọmọ ọwọ́ ti di ohun tí à ń sanwó kí wọ́n tó bá wa wò? Mákùn jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ìlú Rẹ́mọ tó kóra jọ lọ́dún 1872 di Ṣàgámù tí a mọ̀ lónìí, ó sì ní ọba tirẹ̀, Ewùsì. Nígbà tí òwò obì gbilẹ̀ níbẹ̀, àwọn obìnrin ló ń bó gbànja, àwọn ló ń fọ̀ ọ́, tí wọ́n ń ṣà á, tí wọ́n ń fi ewé dì í sínú apẹ̀rẹ̀ kó tó dé ọwọ́ àwọn Hausa oníṣòwò ní Sábó. Iṣẹ́ àgbàlá ilé ni. Ọmọ wà lẹ́yìn ìyá, tàbí kó wà lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ń ṣeré káàkiri àgbàlá náà.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn lábẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ tó wà ní tòsí wa níhìn-ín, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó tó nǹkan bí 457,000 lọ́dún 1954 di nǹkan bí 811,000 lọ́dún 1955. Oríire ńlá ni, mi ò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ mi takò ó. Àmọ́ ẹni tó ń pọn àbúrò tẹ́lẹ̀, ọmọbìnrin ọdún mẹ́jọ sí mọ́kànlá, òun náà wà lára àwọn tí ilé ẹ̀kọ́ gbà wọlé. Láàárọ̀, ẹ̀yìn tó ń gbé ọmọ ti gbéra lọ sí kíláàsì. Nígbà tó di ọdún 1978, ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì WAPCO bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ṣàgámù, ọdún yẹn kan náà ni wọ́n ṣí òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ọdún 1986 ni ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn tí a ń pè ní OOUTH báyìí dé. Lẹ́yìn náà, àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá pàgọ́ sí àgbègbè ilé iṣẹ́ Flowergate, níbi tí Nestlé ti ṣí tirẹ̀ lọ́dún 2011. Nọ́ọ̀sì tó ń ṣe iṣẹ́ òru, obìnrin tó ń to ọjà sínú páálí ní ilé iṣẹ́, tíṣà, òṣìṣẹ́ báǹkì: kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè pọn ọmọ lọ síbi iṣẹ́.

Àwọn àgbà ní ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í wò ó. Igba ènìyàn náà ti fọ́n ká. Ìyá àgbà òde òní fúnra rẹ̀ ṣì ń tajà, torí pé owó ìfẹ̀yìntì kò tó ná, bó bá tilẹ̀ ń wọlé. Èyí tí kò tajà mọ́, ó ṣeé ṣe kó wà ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston ní Amẹ́ríkà, kó máa bá ọmọ rẹ̀ wo ọmọ oṣù mẹ́ta, nítorí pé owó kíréèṣì lọ́hùn-ún lè gbé apá tó pọ̀ nínú owó oṣù. Ẹni tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò jẹ́ kó fọwọ́ kan owó ìjọba kì í sì rí púpọ̀ gbà nínú wákàtí ọ̀fẹ́ tí ìjọba England ń fún àwọn òbí tó ń ṣiṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ìtọ́jú ọmọ tó wọ́n ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe ń mú ìyá àgbà kúrò ní Mákùn, tí ọmọ ọmọ rẹ̀ tó kù nílé fi ń di ti ẹni à ń sanwó fún.

Ìgbà mẹ́ta ni ọrọ̀ ajé ilẹ̀ yìí ti dẹnu kọlẹ̀ lójú àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú ọmọ yìí lọ́wọ́, ọgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló sì ní bí ó ṣe rí. Ní 2016, owó epo rọ̀bì já wálẹ̀, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ jẹ òṣìṣẹ́ lówó oṣù. Àwọn òbí ń jẹ olùtọ́jú ọmọ ní gbèsè, àmọ́ wọ́n ṣì ń gbé ọmọ wá, wọ́n sì máa ń san án nígbà tí owó bá dé. Ní 2020, àrùn kòrónà ló tì wọ́n pa. Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹrin ọdún náà ni kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, oṣù mélòó kan sì kọjá kí ọmọ tó padà sí kíréèṣì. Ó dùn wọ́n, ṣùgbọ́n gbogbo ayé ló jókòó sílé pẹ̀lú wọn, kálukú sì mọ̀ pé ó máa dópin.

Ti 2023 kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún, lọ́jọ́ ìbúra rẹ̀, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú sọ pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Lítà bẹntiróòlù tí iye rẹ̀ lábẹ́ ìjọba kò tó 200 náírà di 617 kí oṣù Keje tó parí. Nígbà tó fi di oṣù Kẹwàá 2024, ó ti lé ní 1,000. Wọ́n tú náírà sílẹ̀ nínú oṣù Kẹfà 2023, dọ́là kan tí báńkì ń ṣẹ́ ní nǹkan bí 460 ti kọjá 1,500 lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Iye owó oúnjẹ fi ohun tó lé ní ìdá 40 nínú 100 ga ju ti ọdún tó ṣáájú lọ nínú oṣù Kẹfà 2024. Nínú oṣù Kẹjọ 2023, GSK kéde pé àwọn ń kógbá wọlé ní Nàìjíríà; nínú oṣù Kejìlá, Procter & Gamble sọ pé àwọn kò ní ṣe ọjà níbí mọ́. Àwọn méjèèjì ló ti ní ilé iṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ní Agbárá, nínú ìpínlẹ̀ Ògùn kan náà tí Mákùn wà. Kò sí àṣẹ tó ti kíréèṣì kankan lọ́tẹ̀ yìí. Àwọn ọmọ kàn ń dín ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, olómọ kan á ní "a máa padà wá lóṣù tó ń bọ̀," oṣù náà á dé, wọn ò ní wá.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò wò ó. Iye tí mo fẹ́ lò yìí jẹ́ ti àpẹẹrẹ, àyàfi owó oṣù. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn fọwọ́ sí 77,000 náírà gẹ́gẹ́ bí owó oṣù tó kéré jù lọ́dún 2024. Ká ní obìnrin kan ń gba iye náà, ó ń lọ síbi iṣẹ́ ní ọjọ́ 24 lóṣù, owó ọ̀kadà àti ọkọ̀ rẹ̀ lálọ lábọ̀ jẹ́ 1,200 lójúmọ́, ó sì ń san 500 lójúmọ́ lórí ọmọ rẹ̀. Owó ọkọ̀ á jẹ́ 28,800, owó olùtọ́jú á jẹ́ 12,000. Ó ku 36,200 tí yóò fi jẹun, tí yóò fi ra pámpá, tí yóò fi dá sí owó ilé. Kò ní pẹ́ tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé kí ni òun ń bá iṣẹ́ náà kiri fún.

Ẹ wá wo apá kejì. Ká ní olùtọ́jú wa ní ọmọ 15: 180,000 náírà ló ń wọlé lóṣù. Ó ń san 60,000 fún ọmọbìnrin méjì tó ń ràn án lọ́wọ́, 15,000 fún yàrá, 35,000 fún ọṣẹ, omi, gáàsì àti àwọn nǹkan kéékèèké. Ó ku 70,000 fún òun àti ilé rẹ̀. Bí ọmọ bá já sí mẹ́fà, 72,000 ló máa wọlé. Ó lè dá ọmọbìnrin kan dúró, kó sì dín ọṣẹ àti gáàsì kù sí 20,000, ṣùgbọ́n owó yàrá kò gbọ́ pé ọmọ dínkù. Ohun tó kù ni 7,000. Bí méjì nínú àwọn mẹ́fà náà kò bá wá rí owó san, ó ti wọ gbèsè 17,000, síbẹ̀ ó jí ní aago márùn-ún lójoojúmọ́, ó sì ṣiṣẹ́ bí ẹni tó ní iṣẹ́. Ibi tí ìjàǹbá iṣẹ́ yìí wà gan-an nìyí: ọmọ ọwọ́ mẹ́ta ń fẹ́ àgbàlagbà kan, ọmọ ọwọ́ kan náà ń fẹ́ àgbàlagbà kan. Aláròóbọ̀ tí ọjà rẹ̀ kò yá lè ra ẹrù díẹ̀. Olùtọ́jú ọmọ kò lè tọ́jú ọmọ ní ìdajì.

Àwọn ọmọ tó kúrò lórí ẹní náà kò fò lọ. Àwọn kan wà lábẹ́ tábìlì ní ọjà, láàárín àpò ata àti páálí, níbi tí ọ̀kadà ti ń kọjá ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ mélòó kan. Àwọn kan ń tẹ̀ lé ìyá wọn lọ síbi tó ti ń ṣe irun. Àwọn kan wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n tó yẹ kó wà nílé ìwé lọ́jọ́ náà. Àwọn kan wà lọ́dọ̀ aládùúgbò tí kì í gba owó, tí kò sì lè kọ̀. Èyí tó burú jù ni ti àwọn tí wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ fún wákàtí kan tàbí méjì, tí ìyá ń sáré padà wá wò. Mi ò rí ìyá tó ṣe èyí tí inú rẹ̀ dùn sí i. Mo kọ̀ láti pè é ní ìwà àìbìkítà.

Àwọn tó ṣì ń bá iṣẹ́ náà lọ ti yí ọ̀nà padà, ọgbọ́n tí wọ́n dá sì tó ohun tó yẹ kí ilé ẹ̀kọ́ gíga wá kọ́. Àkọ́kọ́ ni pé wọ́n fi owó ojúmọ́ rọ́pò owó oṣù tàbí ti táàmù. Oníṣòwò tó ń rí owó lójoojúmọ́ lè san 500 lónìí. Kò lè kó 12,000 jọ títí oṣù yóò fi parí, àfi bí ó bá ń dá àjọ. Wọ́n gba àwọn ọmọ ilé ìwé mọ́ ti ọwọ́: láti aago kan ọ̀sán ni àwọn ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní àti kejì ń dé, wọ́n ń jẹun, wọ́n ń ṣe iṣẹ́ àmúrelé, òbí sì ń san owó lẹ́sìn. Wọ́n ń gba ọmọ nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ òru. Wọ́n ń gba ọmọ lọ́jọ́ Sátidé fún àwọn tó ń lọ òde àríyá, ilẹ̀ Rẹ́mọ kò sì ṣaláìní òde lọ́jọ́ Sátidé. Àwọn kan fi yàrá tí wọ́n yá sílẹ̀, wọ́n padà sí pálọ̀ ara wọn. Olómọ ń gbé ògì àti ẹ̀wà ọmọ rẹ̀ wá fúnra rẹ̀. Aránṣọ ń fi aṣọ san gbèsè, onídìrí ń dirí fún ìyá náà àti àwọn ọmọ rẹ̀, ẹlòmíràn ń gbé gàrí wá láti oko. Lẹ́nu ọ̀nà, fìrísà kékeré wà fún omi inú ọ̀rá àti zobo.

Mo gba ti ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀nà wọ̀nyí, àyàfi pé owó ojúmọ́ tó gba àwọn ìyá náà là yìí náà ló ń pa wọ́n díẹ̀díẹ̀. Bí òjò bá rọ̀ láàárọ̀, ìyá kò lọ sọ́jà, ọmọ kò wá, owó kò wọlé. Bí ìyanṣẹ́lódì bá dé ní ilé ìwòsàn tàbí ilé ìwé, ọ̀sẹ̀ kan lè lọ láìsí kọ́bọ̀. Gbogbo ewu tó wà nínú ètò ọrọ̀ ajé, láti orí epo dé orí òjò, ti kúrò ní èjìká olómọ bọ́ sí ti olùtọ́jú. Àwọn olùtọ́jú ọmọ ní Britain ní ohun kan tó yẹ ká yá lò: owó ìdúró. Olómọ ń san ìwọ̀nba owó kan kí àyè ọmọ rẹ̀ má bàa bọ́ ní àkókò tí ọmọ kò bá wá. Ní Mákùn, ó lè jẹ́ owó yàrá pẹ̀lú owó ọmọbìnrin olùrànlọ́wọ́ tí gbogbo olómọ pín láàárín ara wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, yálà ọmọ wá tàbí kò wá, kí wọ́n sì máa san ìyókù lórí ọjọ́ tí ọmọ bá wá. Nínú àpẹẹrẹ wa tòkè, 45,000 pín sí ọmọ mẹ́fà jẹ́ 7,500 lórí ọmọ kan, èyí tí a óò yọ kúrò nínú 12,000 tí wọ́n ń san tẹ́lẹ̀. Ti ojúmọ́ á wá sọ̀kalẹ̀ sí nǹkan bí 190. Olómọ kò san ju ti tẹ́lẹ̀ lọ bó bá ń wá déédéé, ilẹ̀kùn kò sì ní tì. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i. Mo mọ̀ pé ojú máa ń tini láti kọ ìwé láàárín aládùúgbò, ṣùgbọ́n gbèsè tí a kò kọ sílẹ̀ ti ba àdúgbò jẹ́ ju ìwé lọ.

Àwọn ọ̀nà mìíràn wà tí èmi kò lè gbà. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ lórí ẹ̀kọ́ ní kí olùtọ́jú kan má wo ju ọmọ mẹ́wàá lọ ní kíréèṣì. Bí owó bá fún un lọ́rùn, ìyá kan lè dá olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ dúró, kó dín owó kù kí ọmọ lè pọ̀, kó wá dá nìkan wo ogún. Ìyẹn ni ìgbà tí ọmọ ń jóná lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáàsì, ìyẹn sì ni ìgbà tí ìgò oògùn ikọ́ ń jáde kí àwọn ọmọ lè sùn. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fún ọmọ ní oògùn kó lè sùn. Ẹ rántí oògùn eyín ọmọ tí wọ́n ń pè ní My Pikin: ní òpin ọdún 2008 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2009, ó pa ọmọ tó lé ní ọgọ́rin nítorí kẹ́míkà olóró tó wọ inú rẹ̀, àwọn òbí tó rà á kò sì mọ̀. Oògùn tí olùtọ́jú ń fún ọmọ láìsí ìmọ̀ dókítà, kò sí ẹni tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ tàbí bí ó ti pọ̀ tó. Bí ìyá kan kò bá lè rówó san olùrànlọ́wọ́, kó dín ọmọ kù, kó má dín ojú kù.

Gbèsè ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀ sí i, torí pé òun ló ń fi ìyàtọ̀ iṣẹ́ yìí hàn sí gbogbo òwò yòókù. Aláta lè sọ pé kò sí àwìn. Olùtọ́jú ọmọ ń wo ojú ọmọ tó ti mọ̀ ọ́n láti oṣù méjì, tó ń nawọ́ sí i lẹ́nu ọ̀nà, ó sì mọ̀ pé bí òun bá dá a padà, abẹ́ tábìlì ọjà ló ń lọ. Ó máa ń gbà á wọlé. Àwọn Yorùbá ti rí irú èyí rí ní òkè òkun. Láti àárín àwọn ọdún 1950, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tó ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, tí wọ́n ń kàwé lóru ní Britain, ń fi ọmọ wọn sí ọ̀dọ̀ àwọn ìdílé òyìnbó, wọ́n sì ń san owó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ojú ewé ìpolówó ìwé ìròyìn Nursery World ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti rí ẹni tí yóò gba ọmọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ló gba ọ̀nà yìí. Nígbà tí owó bá dáwọ́ dúró, àwọn alágbàtọ́ kan fi ìfẹ́ tọ́ ọmọ náà dàgbà láìgba kọ́bọ̀. Àwọn mìíràn sì fi ìyà jẹ ẹ́. Adewale Akinnuoye-Agbaje, òṣèré tí òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ìdílé kan ní Tilbury nígbà tó ṣì kéré gan-an, fi ìtàn ara rẹ̀ ṣe fíìmù Farming tó jáde lọ́dún 2018. Ohun tó bà mí nínú jẹ́ nínú gbogbo ìtàn yẹn ni pé ìjọba kò fi bẹ́ẹ̀ fojú sí i. Wọ́n kà á sí ọ̀rọ̀ àárín òbí àti alágbàtọ́. Ibi tí Mákùn wà lónìí nìyẹn.

Òfin wa mọ ọmọ lẹ́yìn tó bá dàgbà díẹ̀. Ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè tó jáde lọ́dún 2013 fi ọdún kan ṣáájú ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kún ẹ̀kọ́ tí gbogbo ọmọ gbọ́dọ̀ ní. Oúnjẹ ọ̀fẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2016 jẹ́ ti kíláàsì kìn-ín-ní sí ìkẹta ní ilé ìwé ìjọba. Láti ọjọ́ ìbí títí dé ọdún márùn-ún, ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ ni. Òfin iṣẹ́ fún obìnrin ní ọ̀sẹ̀ 12 ìsinmi ìbímọ, mẹ́fà ṣáájú, mẹ́fà lẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn oníṣègùn ní kó fi ọmú nìkan bọ́ ọmọ fún oṣù mẹ́fà. Òfin kan náà ní kí wọ́n fún ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú ní ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Bí kò bá sí kíréèṣì nítòsí ibi iṣẹ́, ààbọ̀ wákàtí kí ni? Kò ní tíì kọjá ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ kó tó di pé ó ní láti padà. Àwọn tó ń ta ọjà, tí wọ́n sì pọ̀ jù nínú àwọn ìyá ní Mákùn, kò sí nínú òfin náà rárá. Ogójì ọjọ́ pé, wọ́n ti padà sídìí igbá.

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti gbìyànjú. Ní India, òfin ti 2017 pàṣẹ pé ilé iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ ní kíréèṣì. Láti 1969 sì ni ẹgbẹ́ Mobile Creches ti ń gbé ìtọ́jú ọmọ lọ bá àwọn obìnrin tó ń ru bíríkì níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Ní Nairobi, Kidogo ń wá àwọn ìyá tó ti ń gba ọmọ wò nínú ilé wọn ní àdúgbò mẹ̀kúnnù, ó ń kọ́ wọn níṣẹ́, ó ń bá wọn tún yàrá ṣe, àwọn ìyá náà ló sì ṣì ni iṣẹ́ wọn. Ọ̀nà yìí ló bá wa mu jù, torí pé kò bẹ̀rẹ̀ láti orí ilé tuntun. Ìkìlọ̀ náà wà: ní England, níbi tí owó ìjọba ti pọ̀, iye àwọn olùtọ́jú ọmọ tó forúkọ sílẹ̀ ti dín ní nǹkan bí ìdajì láti 2012 sí 2024. Ìwé kíkọ pọ̀ lọ́rùn wọn, owó tí ìjọba ń san lórí wákàtí ọ̀fẹ́ kò sì tó wọn. Bí ìjọba Ògùn bá fẹ́ forúkọ àwọn ìyá Mákùn sílẹ̀, kó má fi owó orí bẹ̀rẹ̀.

Ìjọba ìbílẹ̀ ni mo gbà pé iṣẹ́ yìí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 fi kíkọ́ ọjà àti bíbójútó rẹ̀ sí ìkáwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù méjì nínú ọjà, tí wọ́n wó ògiri àárín wọn, tí omi wà níbẹ̀, tí wọ́n fi sílẹ̀ láìgba owó ilé fún olùtọ́jú méjì tí ìyálọ́jà àti àwọn nọ́ọ̀sì ìlera agbègbè ń bẹ̀ wò: kò ju agbára ìjọba ìbílẹ̀ Ṣàgámù lọ, pàápàá lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ tó ga jù dájọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà. Owó yàrá nìkan, nínú ìṣirò wa, ju ìlọ́po méjì èrè ìyá tó ku ọmọ mẹ́fà lọ. Àwọn ilé iṣẹ́ ní Flowergate náà lè sanwó àyè ọmọ lọ́dọ̀ àwọn olùtọ́jú tó wà nílùú, dípò kí wọ́n dúró de ọjọ́ tí wọn yóò kọ́ tiwọn. Àwọn olùtọ́jú fúnra wọn sì lè dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀ bí àwọn aránṣọ àti tíṣà ti ní: kí wọ́n jọ ra àgbàdo ògì àti ọṣẹ lọ́pọ̀, kí wọ́n pín olùrànlọ́wọ́ kan láàárín ilé mẹ́ta, kí ẹni tó ṣàìsàn rí ibi gbé àwọn ọmọ rẹ̀ sí fún ọjọ́ méjì láìpàdánù oníbàárà.

Nǹkan kan kù tí ìjọba kò lè bá wa ṣe. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, inú pọ́ọ̀sì ìyá ni owó olùtọ́jú ọmọ ti ń jáde. Bí tọkọtaya bá jókòó láti ṣírò bóyá iṣẹ́ obìnrin náà ṣì lérè, owó oṣù tirẹ̀ nìkan ni wọ́n ń yọ ọ́ kúrò nínú rẹ̀. Ẹ padà sí obìnrin tó ń gba 77,000 yẹn. Bí 12,000 náà bá jẹ́ tirẹ̀ nìkan, ó ń gbé ohun tó ju ìdá kan nínú méje owó rẹ̀ lọ fún ọmọ tí àwọn méjèèjì bí. Bí ọkọ rẹ̀ bá ń gba iye kan náà, tí wọ́n sì jọ pín in, 6,000 ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, kò tó ìdá kan nínú méjìlá. Ẹ̀yin bàbá Mákùn, bí ẹ bá gbà pé ọmọ yín ni, ẹ máa bọ́ sí ojúde ìyá náà fúnra yín ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, kí ẹ san ìdajì tiyín lé e lọ́wọ́, kí ẹ sì béèrè iye gbèsè tó wà nílẹ̀.